Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Àwọn Olóògbé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí mú: èmi kì í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ló máa ń lọ sínú igbó, tí yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, tí yóò sì máa pàṣẹ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n gé igi. Èmi ni mo jókòó sí ọ́fíìsì tí mo ń ya ohun tó bá wọ̀n bọ̀. Gbogbo ìlà tẹ́ ẹ bá rí lórí ìwé sọ́fè yín, ẹnì kan ló jókòó yà á. Ní ọ́fíìsì tiwa ní Àkúrẹ́, èmi Adúnọlá ni ẹni náà, láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge títí mo fi di ìyá àgbà.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, pé àwọn fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó yẹ káwọn yàn. Mo bi wọ́n pé ṣé iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ti gbà lọ́wọ́ èèyàn ni wọ́n tún fẹ́ kọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ gbọ́.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Olóko kòkó ni bàbá mi ní Oǹdó. Lọ́dún tí mo parí ilé ìwé girama, ó pe Ọ̀gá Fálayé láti Àkúrẹ́ pé kó wá wọn oko òun, nítorí aládùúgbò kan ti ń sún mọ́ wa jù. Àwọn tó yẹ kó bá Ọ̀gá di okùn ìwọnlẹ̀ mú kò wá lọ́jọ́ náà. Bàbá mi ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Akin, dì í mú. Akin di orí kan, èmi di orí kejì, a sì rìn yí oko ká láti àárọ̀ títí oòrùn fi kanrí. Bí Akin bá ti dẹ okùn díẹ̀, Ọ̀gá á pariwo pé, “Fà á le! Ulẹ̀ là ń wọ̀n, a ò sá aṣọ!” Ará Àkúrẹ́ pọ́ńbélé ni, n ò gbọ́ kó pe ilẹ̀ ní ilẹ̀ rí. Èmi ò dẹ tèmi. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí bàbá mi jẹ́ kí òun mú ọmọbìnrin tó ń wo okùn bí ẹni fẹ́ bá a jà yìí lọ kọ́ṣẹ́. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó. A jẹun, a sì rán ọmọ nílé ìwé.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá wà ní Arakale nígbà náà, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń ta ọ̀dà sí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́. Mo gbálẹ̀, mo fọ kálàmù, mo ń ya ìlà sórí bébà àlòkù, ìlà lásán, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Bébà tí à ń lò fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, òógùn lásán sì tó láti bà á jẹ́. Nítorí náà aṣọ funfun kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọrùn ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá gbàgbé aṣọ yẹn, Ọ̀gá kò ní bú mi. Á kàn gbé bébà náà, á fà á ya níṣojú mi, á sì pa dà sídìí tábìlì rẹ̀. Mo sunkún títí nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ẹ̀dà jáde tún ń lo amóníà, kẹ́míkà kan tí òórùn rẹ̀ máa ń ta sójú títí omi á fi bọ́ níbẹ̀, débi pé àwọn tó bá wá gba pílánì ilẹ̀ wọn máa ń bi mí pé ta ló kú.

Bí èèyàn bá ṣàṣìṣe, bíléèdì la fi ń họ tàdáwà kúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá kórìíra bíléèdì. Á gbé iṣẹ́ mi sójú fèrèsé kí oòrùn lè gba inú rẹ̀, á sì máa wá ibi tí mo ti họ. “Ẹni tó bá rí ojú bíléèdì lára ùwé yìí lọ́la,” ó máa ń sọ, “á ní a ti yí ààlà. Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n máa bi. Èmi ni.” Pílánì àkọ́kọ́ tó gbà kí n yà látòkè délẹ̀, ti oko bàbá mi ni. Mo yà á, ó fà á ya. Mo tún un yà. Ó tún fà á ya. Èyí tó wá gbà nígbẹ̀yìn, ojú bíléèdì kankan kò sí lára rẹ̀, orúkọ bàbá mi wà lókè gàdàgbà, mo sì ya igi obì tó wà láàárín oko náà sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kí n yà á. Ọ̀gá wo igi obì yẹn, ó sì buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ nígbà náà pé mo ti ń di èèyàn.

Ohun kan tún wà ní ọ́fíìsì yẹn tí n kò rí níbòmíràn. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá kú, Ọ̀gá á yọ pílánì rẹ̀ kúrò láàárín tàwọn alààyè, á sì gbé e sínú àpótí irin kan tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀. Àpótí Àwọn Olóògbé là ń pè é. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ọmọ olóògbé bá dé pé òun fẹ́ gba ẹ̀dà pílánì bàbá òun, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi í: “Àwọn yòókù dà?” Bí àwọn yòókù kò bá sí níbẹ̀, á fún un lómi tútù mu, á sì ní ó dàbọ̀. Ó ní ẹni tí ìwé ilẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ nìkan máa ń rò pé òun nìkan ni wọ́n bí. Mo rí ọmọ tó bínú, mo rí èyí tó fẹ́ lù ú. Mo sì rí ìdílé tó wá sí Arakale tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀.

Àjálù wa dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ìjì ká páànù òrùlé wa gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò, òjò sì rọ́ wọlé lé àwọn dúrọ́ọ̀ tí pílánì wà nínú wọn lórí. Tàdáwà ń ṣàn. Iṣẹ́ tí mo fi oṣù méjì ṣe di omi aláwọ̀ dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ará Arakale ló jáde wá ràn wá lọ́wọ́. A ta okùn láti fèrèsé dé fèrèsé, a sá pílánì sórí rẹ̀, Ọ̀gá tó ní a ò sá aṣọ náà sì ń bá wa sá a. Nígbà tí òjò dá, ó wọ́ lọ sídìí àpótí irin, ó ṣí i. Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kán omi kankan kò kan olóògbé kankan. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí omi lójú Ọ̀gá láìjẹ́ ti amóníà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́ pé ohun tí a bá tì pa lè sọ nù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Akin, ti rí ẹni tó fẹ́ ra oko náà kọ́ ilé epo. Mo ní oko kò ṣeé tà. Ọ̀rọ̀ ń gbóná sí i, àwọn mọ̀lẹ́bí wà níbẹ̀, ó wá na ìka sí mi: “Ìwọ tó o ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya ilẹ̀, o rò pé n ò mọ̀? O ti fi bíléèdì họ orúkọ bàbá wa kúrò, o ti kọ tìẹ sí i!” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Ohun tó sì burú jù ni pé mo rí i lójú àwọn kan níbẹ̀ pé wọ́n gbà á gbọ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ bàbá mi, ikán ti jẹ ẹ́. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìjọba. Oko lásán ni lójú tirẹ̀. Èyí tí mo fọwọ́ ara mi yà, tí a rí gbà lọ́wọ́ òjò, nìkan ló kù tó lè gbà mí sílẹ̀, ó sì ti wọnú àpótí irin.

Mo sáré lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ fi hàn án.”

“Ẹ̀yin mélòó ni bàbá yín bí?”

“Àwa méjì, sà.”

“Ẹnì kejì dà?”

“Ọ̀gá, ẹ mọ̀ mí kẹ̀!”

“Mo mọ̀ ọ́. Òun ni n ò mọ inú rẹ̀. Lọ mú un wá.”

Akin kò wá. Ó ní kí lòun fẹ́ wá wò lọ́dọ̀ èmi àti ọ̀gá mi, nígbà tó jẹ́ pé àwa méjèèjì la jọ ṣe é. Inú bí mi sí Ọ̀gá gidi gan-an. Ó pẹ́ tí n kò fi lè kí i dáadáa láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe ojúsàájú fún mi, n kò sì lè sọ pé ohun tó ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan èmi. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ṣe di ẹni tó ń bára wọn pàdé níbi òkú nìkan nìyẹn, tí a ó kan mi orí síra wa. Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, kò ṣeé tà, kò sì ṣeé ro.

Ayé yí. Yétúndé, ọmọ Ọ̀gá, kàwé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ dé, ó gbé kọ̀ǹpútà wọlé. A kó lọ sí Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbẹ̀ náà, sí yàrá kékeré tó ní fáànù tó dára. Òun ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń ya ìlà láìfọwọ́ kan tàdáwà, ó sì ní sùúrù fún mi ju bí bàbá rẹ̀ ṣe ní lọ. Ìlà kọ̀ǹpútà gún, ó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní: kò ní ojú bíléèdì. Ẹni tó bá fẹ́ yí ààlà lónìí á yí i, kò sì sí ojú fèrèsé tí ẹ lè gbé e sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ìwà yín nìkan ló kù tí wọ́n máa fi mọ̀.

A wá fi ẹ̀rọ ya fọ́tò àwọn pílánì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn bébà náà ti gbó, bí a bá ti fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n ń fọ́, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn fọ́tò náà. Lẹ́yìn náà Yétúndé kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìpamọ́ orí ayélujára, èyí tí wọ́n ń pè ní kíláòdù, ó ní ìjì kankan kò ní ká òrùlé ibẹ̀. Ọ̀gá gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun fúnra òun lòun máa kó àwọn olóògbé lọ. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya fọ́tò wọn, ó sì kó wọn sínú àpótí tirẹ̀ lórí ayélujára, tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lọ sí oko rẹ̀ ní Oda, ó fi gbogbo nǹkan lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, àfi ìyẹn.

Ọdún tí èmi náà fẹ́ fẹ̀yìn tì ni iṣẹ́ tó kẹ́yìn dé. Ilé iṣẹ́ tó ni ìpamọ́ náà kọ̀wé sí wa pé irú àkáǹtì tí a ń lò ti di ti àtijọ́. Wọ́n ti ṣe irú tuntun, kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: ẹ háyà ilé, onílé ní òun fẹ́ wó o, òun sì ti kọ́ tuntun sí òdìkejì títì. Ó fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa kó jáde. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjọ́ náà, òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́.

Yétúndé ṣí àkáǹtì tuntun, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa da pílánì kọ láti ibi àtijọ́ sí tuntun. Ó ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà ní gbogbo ohun tí òun rí ti kọjá, kò sí àṣìṣe kankan. A ra súyà, a jẹ. Ọjọ́ kejì ló pè mí.

“Àǹtí Adún, ẹ wá wo nǹkan. Ẹrù tó wà níbi àtijọ́ ju èyí tó dé ibi tuntun lọ.”

“Ṣebí wọ́n ní kò sí àṣìṣe?”

“Wọ́n ní gbogbo ohun tí wọ́n rí ti kọjá. Kọ́kọ́rọ́ tèmi ni mo fi ṣe é. Ohun tí kọ́kọ́rọ́ mi ò lè ṣí, wọn ò rí i rárá, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà.”

Àpótí Àwọn Olóògbé ni. Lọ́jọ́ òjò, àpótí títì yẹn nìkan ni omi kò kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Mo ń ronú nípa gbogbo ìdílé tó wà nínú rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, orúkọ bàbá mi ni mo ń rí. Bí pílánì yẹn bá lọ, olè ni ẹ̀gbọ́n mi máa pè mí títí mo fi máa kú.

A wọ takisí lọ sí Oda. A bá Ọ̀gá láàárín oko iṣu rẹ̀, ó ń fi okùn wọn àárín ebè sí ebè. Yétúndé kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé: àkáǹtì báyìí, àkáǹtì tọ̀hún. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí.

“Àwọn ọmọ olóògbé ti pé?”

“Dádì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Kí ẹ kàn fún mi ní ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn.”

“Bí àwọn ọmọ ò bá pé, mi ò ṣí i. Mo ti tì í. Ó wà níbẹ̀.”

Ó pa dà sídìí okùn rẹ̀. Yétúndé tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dá a lóhùn bákan náà. N kò gbé ohùn sókè sí Ọ̀gá rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn, mo gbé e sókè.

“Ọ̀gá, wọ́n fẹ́ wó ilé náà! Àpótí yín ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ tì í pa, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sì wà lápò yín. Wọ́n máa wó o lé àwọn olóògbé lórí, àti bàbá mi!”

Ó dúró. Ó wò mí, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Wọ́n fẹ́ wó o?” ó ní. “Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ bẹ́ẹ̀?”

A gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára díẹ̀. Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì ń fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Àpótí náà ṣí. Orúkọ wọn tò wálẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ìdílé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rí ti bàbá mi.

“Àǹtí,” Yétúndé rọra sọ, “ẹ jẹ́ ká ṣí i ká fi fóònù yà á. Ẹ fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá yín, kí ọ̀rọ̀ yìí tán lónìí.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí orúkọ bàbá mi. Ọ̀gá ń wò mí. Ọkàn mi fẹ́ ẹ, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ránṣẹ́ sí Akin, kí ló máa rí? Àwòrán tó ti ọwọ́ mi wá. Á ní mo ti tún un ṣe.

“Dà á kọ ní títì,” mo ní. “Ẹnì kejì ò tíì dé.”

Pílánì wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọjá lọ sí ibi tuntun, díẹ̀díẹ̀, bí nẹ́tíwọ̀kì Oda ṣe fẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dé, Yétúndé ní kí bàbá òun yan ọ̀rọ̀ aṣínà tuntun. Ọ̀gá ju ọwọ́ sí mi. “Òun ni kó yàn án. Kó máa tọ́jú ẹ̀. Uṣẹ́ mi ti parí.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, n kò mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ó ní kí n dìde, pé mò ń tẹ iṣu òun mọ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Oǹdó. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Akin níwájú ilé, ó ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kí ni mo wá ṣe.

“Wọ́n ti gbé pílánì bàbá wa kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ibi tuntun wà lọ́wọ́ mi.”

“Ó ti wà lọ́wọ́ ẹ tipẹ́.”

“Rárá o. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé e fún mi. N ò tíì ṣí i, Bọ̀ọ̀dá. Ó ku ẹ̀yin.”

“O ò ṣí i?”

“N ò ṣí i.”

Ó dìde, ó wọlé, mo sì rò pé ó ti bá mi parí rẹ̀ nìyẹn. Ó jáde pẹ̀lú fìlà lórí.

Ní Alágbàká, mo ní kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, mo sì ní òun ni kó ṣí i. Ó ṣí i. Orúkọ bàbá wa wà lókè, gàdàgbà, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọge tó ń bẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀. Akin sún ojú mọ́ ọn, ó ń wá ojú bíléèdì láti orí dé ìsàlẹ̀. N kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ dé orí igi obì, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

“Abẹ́ igi yìí la ti máa ń jẹun,” ó ní. “Adún, mo bà ọ́ lórúkọ jẹ́.”

“Ẹ bà á jẹ́ lóòótọ́.”

“Ṣùgbọ́n n ò tíì sọ pé n ò ní tà á o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, kò sì sí amóníà níbẹ̀.

A ní ká lọ wo òkúta ààlà oko náà. Yétúndé bá wa lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kòkó ti bo gbogbo ibẹ̀, ẹ̀rọ náà kò rí ojú ọ̀run. Ó lọ gbé okùn ìwọnlẹ̀ bàbá rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn mọ́tò. Mo mú orí kan. Mo ń wo ẹ̀yìn láti wá ẹni tí màá gbé orí kejì fún, àṣé Bọ̀ọ̀dá mi ti mú un, ó ti ń wọ inú kòkó lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó dúró lọ́hùn-ún, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Adún,” ó pariwo, “fà á le!”

Mo fà á.